Kí Ni Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé?



Ẹ ó rántí pé ọmọbìnrin wa kan ní Samaru fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ síwájú nípa fáírọ́ọ̀sì, àwọn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, ó sì béèrè ìrànlọ́wọ́ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́. Bàbá wa kan ní, “Bí ó bá kàwé tán, kí ni yóò tà? Àbí ìwé ni yóò tún máa kọ?” Ẹ̀rín sọ. Ẹgbẹ́ wá ní kí a lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá.

Òótọ́ ni, ìwé ni yóò máa kọ. Bí olùwádìí bá rí ohun titun, yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì lo ohun tí ó rí gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ìdárúkọ yìí ni wọ́n ń kà. Eugene Garfield ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwé atọ́ka jáde fún un láti 1964. Ní 2005 ni Jorge Hirsch mú òṣùwọ̀n tí à ń pè ní h-index wá. Bí ènìyàn bá kọ ìwé 10, tí a dárúkọ 4 nínú wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin-mẹ́rin ó kéré tán, tí kò sì sí 5 tí a dárúkọ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún-márùn-ún, 4 ni tirẹ̀. Iṣẹ́ ogún ọdún, nọ́ńbà kan ṣoṣo!

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí Zaria mọ̀ dán an wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori gba oyè dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ahmadu Bello níhìn-ín ní 1971, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní 1976. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì Orungo, tí a kọ́kọ́ rí lára ẹ̀fọn ní Uganda. Ènìyàn mélòó ní ayé ni ó ń wádìí Orungo? Díẹ̀ ni. Ìdárúkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀ tó ti àrùn tí ń da òyìnbó láàmú. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kéré. Ọjà tí a ná an sí ni kò kún.

Ní 1987 ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀. Ilé ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Tomori wà lára àwọn tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1989: ẹ̀fọn tí ń yé ẹyin sínú omi tí a gbé pamọ́ sílé ni ó gbé e kiri. Ìkòkò omi àwọn ìyá wa! Onímọ̀ tí ó ka ìwé náà lè dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wolé-wolé tí ó gbọ́ ọ, tí ó sì ní kí a da omi ìkòkò nù, kì í kọ̀wé sí jọ́nà, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò.

Láti 1994 dé 2004 ó wà lọ́dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ṣe agbátẹrù àkójọ yàrá àyẹ̀wò àrùn rọpárọsẹ̀, 16 ní orílẹ̀-èdè 15. Inú ìgbẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì ni wọ́n ti ń wá kòkòrò náà. Àwa ará Òkè Ọya mọ àrùn yìí; ẹ rántí bí Kánò ṣe dá oògùn àjẹsára rẹ̀ dúró ní 2003. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni a kéde pé fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà. H-index wo ni yóò ka ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ?

A kò ní kí a sọ òṣùwọ̀n náà nù. Ẹni tí ó kọ̀wé fún ogún ọdún tí ẹnì kan kò lò ó, ó yẹ kí a bi í léèrè. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń dárúkọ ara wọn, yìn mí kí n yìn ọ́, àwọn jọ́nà kan sì wà tí owó nìkan ni wọ́n ń wò.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ san owó ọdún kìíní ọmọbìnrin náà, kí òun sì máa wá sọ fún wa lọ́dọọdún, ní Yorùbá tí ìyá aláta lè gbọ́, ohun tí ó ń wá àti ẹni tí ó ń lò ó. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó nawọ́ nígbà tí Alága bá béèrè.