Ta Ló Ni Fọ́tò Inú Àpótí?

Ẹ̀yin ará Parakou! Àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí yín, ta ló ni wọ́n? Ẹ ó ní ti ẹbí ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ìlú náà ni. Ẹ wo fọ́tò ìgbéyàwó kan dáadáa. Ta ló dúró lẹ́yìn ìyàwó? Aládùúgbò Bàrìbá ńkọ́? Oníṣòwò Yorùbá láti ọjà Arzèkè ńkọ́? Ìwé ìjọba lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou dé ìlú yìí. Kò ní sọ àwọn tó jọ ń ṣe ìnáwó. Fọ́tò ló ń sọ ọ́.

Àwọn kan á ní irọ́ ni fọ́tò, pé aṣọ àyálò ni, pé aago ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ aago ni wọ́n yá, tí kì í ṣe ọkọ́? Ohun tí èèyàn bá yá láti fi ya fọ́tò ń sọ ohun tí ìlú kà sí iyì nígbà náà. Ibi tí mo ti gbà fún wọn nìyí: fọ́tò tí kò lórúkọ, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn àgbà tó mọ ojú wọ̀nyẹn ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n lónìí. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, torí yíǹkì báírò máa ń ràn.