Ìwé Wo Ni Òfin Ń Pè Ní Ìwé Àlùfànṣá?

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò gbà pé àwọn ìwé kan wà tí kò yẹ kí ó bọ́ sí ọmọdé lọ́wọ́, tí àgbàlagbà pàápàá a sì máa fi pamọ́ bí àlejò bá wọlé. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá bi wá pé, "Níbo ni ààlà wọn wà?" ohùn wa kò ní ṣọ̀kan. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1857, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí a máa gba ìwé àlùfànṣá kí a sì run ún. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí àlùfànṣá jẹ́. Ní ìlú Wolverhampton, Henry Scott ń ta ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó bá ètò ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìjọ Àgùdà wí. A gba 252 lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ kan dá a láre, nítorí kò ní i lọ́kàn láti ba ìwà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní ọdún 1868, Olórí Adájọ́ Cockburn yí ìdájọ́ náà padà: ó ní ohun tí a ó wò ni bí ìwé náà bá lè sọ ọkàn àwọn tí ó rọrùn láti tàn, tí ó sì lè bọ́ sí lọ́wọ́, di ìdíbàjẹ́.

Ẹ kíyèsí i: ẹni tí ó rò pé òun ń bá ibi wí ni òfin mú. Ta ni ó sì lè wọn ọkàn òǹkàwé?

Òfin ọdún 1959 tún un ṣe díẹ̀, ó ní kí a wo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1960, a pe àwọn òǹtẹ̀wé Penguin lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìwé D. H. Lawrence kan. Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich jẹ́rìí gbe ìwé náà. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury sì bá a wí nítorí rẹ̀. Àwọn ará ìlú 12 tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ìwé náà láre. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1964, Adájọ́ Potter Stewart jẹ́wọ́ pé òun kò lè túmọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá rí i, òun yóò mọ̀ ọ́n.

Bí bíṣọ́ọ̀bù méjì kò bá lè fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan, kí ni ọlọ́pàá yóò ṣe? A kò wí pé kí a pa òfin tì. Ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ọkọ́ tí a fi roko lóru, bí ó ti ń gé èpò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gé iṣu. Nítorí náà, kí a tó kígbe pé kí a sun ìwé kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kà á tán, kí a bèèrè ìdí tí a fi kọ ọ́, àti àwọn tí a kọ ọ́ fún. Èyí tí òfin kò lè ṣọ́ nínú ilé wa, àwa fúnra wa ni kí a ṣọ́ ọ.