Tẹ́tẹ́ Ẹni Méjì: Ìṣubú Ta Ni O Ń Dúró Dè?

    

Ọ̀rọ̀ òní lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, kí ló kan gọ́ọ̀fù nínú ìwàásù?" Ẹ fara balẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Maryland, ní New Jersey, ní London, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin ọdún 1992 tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá. Látìgbà náà, ìpínlẹ̀ tó ju ọgbọ̀n lọ ti ṣílẹ̀kùn fún un. Tẹ́tẹ́ tí èèyàn ń rìn lọ bá tẹ́lẹ̀ ti wọ inú fóònù, ó ti bá wa dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi ara rẹ̀ hàn bí ọlọ́gbọ́n. Nínú ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, àwọn tó ń figagbága lè tó àádọ́jọ. Ó ṣòro láti mọ ẹni tí yóò gba ife. Ilé tẹ́tẹ́ á wá sọ pé, "Má da ara rẹ láàmú. Méjì péré la mú fún ọ. Nínú Lágbájá àti Tàmẹ̀dù, ta ni yóò ṣe dáadáa jù?" Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló borí. Ó lè jẹ́ ti ọjọ́ kan, ihò 18. Ó lè jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́rin, ihò 72. Kódà bí ẹni tìrẹ bá ṣe ipò ogójì, tí ìkejì rẹ̀ bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, o ti jẹ.

Arákùnrin kan á ní, "Pásítọ̀, ìmọ̀ lèyí, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Mo ti ka gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ẹni méjì ni, ọgbọọgba ni." Mi ò ní bú u. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò.

Tí wọ́n bá ka àwọn méjèèjì sí ọgbọọgba, ohun tí wọ́n sábà máa ń ní kí o ṣe ni pé kí o fi dọ́là 110 sílẹ̀ kí o tó lè jẹ 100. Ká ní o ta á nígbà 21. O jẹ nígbà 11: dọ́là 1,100 wọlé. Wọ́n jẹ ọ́ nígbà 10: dọ́là 1,100 jáde. Kí ló kù? Òfo! O borí ju bí wọ́n ṣe borí rẹ lọ, síbẹ̀ o kò rí owó búrẹ́dì mú níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ 10 lo jẹ, tí 11 bọ́ lọ, dọ́là 210 ti wọmi. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Kì í ṣe ọgbọọgba!"

Ìmọ̀ tí o sì ń sọ, ilé tẹ́tẹ́ náà ní in. Gbogbo gbígbá nínú ìdíje PGA Tour ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, àwọn tó ń pe iye tẹ́tẹ́ sì ti kà á kí ìwọ tó jí. Bí o bá tún wá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí o ń jẹ lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dín iye tí o lè fi ta kù. Ọjà wo nìyẹn?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ní ìdíje U.S. Open ní Pinehurst, North Carolina, Rory McIlroy fi gbígbá méjì ṣáájú Bryson DeChambeau nígbà tó ku ihò márùn-ún. Ẹni tó bá fi owó lé e lórí á ti máa ná èrè lọ́kàn. Ní ihò 16, bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò, ó tàsé. Ní ihò 18, èyí tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó tún tàsé. Gbígbá kan ṣoṣo ni DeChambeau fi gba ife. Ìwé wo ni ò bá ti ka ìyẹn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, McIlroy gba Masters ní Augusta. Òun rí ìtùnú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ta ní Pinehurst ńkọ́? Owó náà kò bá McIlroy padà wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó dùn mí jù. Àwọn àgbà ní, ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Nínú tẹ́tẹ́ ẹni méjì, kì í ṣe pé o fẹ́ kí ẹnì kan ṣe dáadáa nìkan. O ń dúró de ìgbà tí ẹnì kejì yóò ṣubú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní Olympia Fields lẹ́bàá Chicago, Max Homa fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ọkùnrin kan láàárín èrò pariwo kó lè tàsé. Homa sọ fún àwọn oníròyìn pé nítorí tẹ́tẹ́ dọ́là mẹ́ta ni. Dọ́là mẹ́ta! Bọ́ọ̀lù náà ṣáà wọlé. Àmọ́ ìwọ tí o kò pariwo, tí o kàn wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ, kí lò ń bẹ Ọlọ́run fún? Òwe orí 24, ẹsẹ 17, kò fún wa láyè láti dunnú pé ọ̀tá wa kọsẹ̀. Mélòó-mélòó ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́, tí kò mọ̀ ọ́ rí!

Ẹnì kan lè ní, "Mo lówó, kò lè pa mí lára." Phil Mickelson gba ife ìdíje ńlá mẹ́fà nínú gọ́ọ̀fù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé tẹ́tẹ́ òun kọjá ìwọ̀n, ó ti di bárakú. Ó ní owó kò wọ́n àwọn rí, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò sí lọ́dọ̀ àwọn tí òun fẹ́ràn. Ṣé ẹ gbọ́? Ara wà nílé, ọkàn ò sí nílé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kí ni ṣíṣe? Lónìí, kó tó di alẹ́, sọ fún ìyàwó rẹ. Ìyá, sọ fún ọkọ rẹ. Ẹ jọ wo ìwé owó báńkì. Yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní GAMSTOP. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó níwèé àṣẹ níbẹ̀ á tilẹ̀kùn mọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà ní ìwé tí èèyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí, kí wọ́n má gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àdúrà dáa, ẹ gbà á. Ilẹ̀kùn náà dáa, ẹ tì í.

Ẹ dìde. Baba, gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti sá kúrò nílé, mú un padà lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ wa, bù kún un. Má jẹ́ kí ayọ̀ wa wà nínú ìkọsẹ̀ ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín!