Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ, Ìtọ́jú Ló Kù

OLÓÒTÚ: Àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ àyà kí ara wọn lè bá ẹni tí wọ́n mọ ara wọn sí mu, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí ẹ bá délé lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ẹrù wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ fi iṣẹ́ agbára ní iléeṣẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀. Ẹ yẹra fún sìgá. Kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná. Bí ara bá gbóná tí ọgbẹ́ sì ń ṣọyún, ẹ má pè é ní ibà lásán. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí mímí bá nira, ẹ sáré lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Ìtìjú kì í wo ọgbẹ́ sàn.