Kí ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́ orin ní Yúróòpù

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ dùùrù, tí ẹ ń fọn fèrè, tí ẹ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin máa ń bi wá: "Mo fẹ́ lọ kọ́ orin sí i ní Yúróòpù, ibo ni kí n lọ?" Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Kò yani lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni àwọn àgbà wa gbà. Akin Euba lọ sí Trinity College of Music ní 1952. Fẹlá náà dé ibẹ̀ ní 1958. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́, orin ló yàn. Ayọ̀ Bánkọ́lé lọ sí Guildhall, ó tibẹ̀ bọ́ sí Cambridge. Ọ̀nà tó dáa ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti ga. Lónìí, ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá Lọ́ńdọ̀nù yóò san ohun tó lé ní 25,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan nìyẹn o. Kò tíì jẹun, kò tíì san owó ilé. Ọdún mẹ́rin sì ni oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Jámánì. Ilé ẹ̀kọ́ orin gíga 24 ni ìjọba ní níbẹ̀, Musikhochschule ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, àfi owó kékeré ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ "ọ̀fẹ́", ẹ má tíì máa jó. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, níbi tí Stuttgart àti Freiburg wà, ń gba 1,500 yúrò ní sáà kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, láti 2017. Leipzig náà ń gba tirẹ̀. Kí wọ́n tó fún yín ní físà, wọ́n á fẹ́ rí owó tí ẹ máa fi gbé ọdún kan ní báǹkì. 11,904 yúrò ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2024. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ gbọ́ èdè Jámánì. Bí èdè bá jẹ́ ìṣòro, Liszt Academy ní Budapest, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1875, ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn àlejò, àmọ́ owó ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ohun èlò orin, ojúkojú ni wọ́n ń kọ́ ọ: ẹ̀yin àti olùkọ́ kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Olùkọ́ yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ yín. Orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní bá yín tún ìka yín ṣe. Nílé àyàn, ẹni tó máa kọ́ ọmọ nílù là ń béèrè, a kì í béèrè bí àgbàlá ṣe tóbi tó. Torí náà, ẹ wá ibi tí olùkọ́ náà ti ń kọ́ni lórí YouTube. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ ní kó gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń wà nílé, àbí ìrìn àjò ló kúkú ń rìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdánwò ìgbaniwọlé. Àwọn kan ń gba fídíò. Àwọn kan ní dandan, ẹ gbọ́dọ̀ wá. Ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni ìforúkọsílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀ máa ń parí. Conservatoire ti Paris sì ní gbèdéke ọjọ́ orí, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí orúkọ ìlú. Ẹni tó bá lo ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó tán, kò ní oyè lọ́wọ́. Ẹni tó parí ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lábẹ́ olùkọ́ gidi, iṣẹ́ rẹ̀ á sọ̀rọ̀ fún un. Olùkọ́ ló ṣíwájú, owó tẹ̀lé e, èdè ìkẹta. Ìlú ló kẹ́yìn.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná, ire o.