Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Yẹn Nù

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, tí a kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá.

Bí ọmọdé bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ó ní láti tọrọ ààyè. Mo tọrọ ààyè o.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn laptop mẹ́sàn-án tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun ṣì wà lórí group yìí, ẹ kú oore o. Àmọ́ ó yẹ kí n sọ òótọ́: eruku ti bò wọ́n. Tí a bá tan òmíràn, èèyàn á fọ aṣọ, á tún sá a, kó tó ṣí. Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n dábàá pé ká tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri. Mi ò bá ẹni tó dábàá jà o. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni pé ká má tíì tà wọ́n. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ò kú. Ohun tó ń darí wọn ló ti wúwo jù fún wọn.

Kí ló ń darí wọn? Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó máa ń jí tí ẹ bá tàn án. Òun ló ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ yòókù. Operating system ni wọ́n ń pè é. Èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ni Windows, Windows 10 ló sì wà lórí gbogbo tiwa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè chip ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, àti processor tí kò gbó púpọ̀. Tiwa ò ní wọn. Ṣé ká wá kó wọn dànù?

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1991, ọmọ yunifásítì kan nílùú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, gbé ohun tí à ń pè ní Linux lónìí síta. Ó ṣe é bíi ti Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ó fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ rántí ọ̀wẹ̀? Ẹnì kan fẹ́ kọ́lé, gbogbo àdúgbò á jáde, ẹni tó lè po amọ̀ á po amọ̀, ẹni tó lè bo ilé á bo ilé. Ọ̀wẹ̀ ni Linux. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe olè. Kẹ́ ẹ sì wò ó o, fóònù Android tí púpọ̀ nínú yín fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti ń lò ó tipẹ́.

Mo ti dán an wò lórí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Ní báyìí, kò ń tó ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣí.

Kí n tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní 200 level, mo gbọ́ nípa Linux lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, ara mi ò gbà á mọ́. Laptop ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo yá. Aránṣọ ni wọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n aṣọ gbogbo oníbàárà wọn sí, ti odindi ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni àwòrán ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn wà. Mo dé ibi tí ẹ̀rọ ti béèrè bóyá kó nu gbogbo ohun tó wà lórí disk. Mo gbọ́ òyìnbó o, àmọ́ ìwàǹwára ò jẹ́ kí n kà á tán. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, Linux ti wọlé, ó rẹwà gan-an. Gbogbo nǹkan ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ra ìwé tuntun, wọ́n mú téèpù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tún wá wọn ara. Ìwọ̀n aṣọ ṣeé tún wọ̀n. Àwòrán yẹn, a ò rí i mọ́ dòní.

Torí náà, ìgbésẹ̀ kìíní nìyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì máa sọ ọ́. Ẹ kó ẹ̀dà nǹkan yín pamọ́. Ẹ kó ẹ̀dà nǹkan yín pamọ́! Ẹ kó o sórí flash tàbí hard disk mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi flash yẹn sára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ ṣí fáìlì mélòó kan wò. Tí kò bá ṣí níbẹ̀, ẹ ò tíì kó nǹkan kan o.

Ìkejì, ẹ download Linux náà. Oríṣiríṣi ló wà, àmọ́ fún kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà, Linux Mint ẹ̀yà Xfce ni mo fara mọ́. RAM 2GB ló kéré jù fún un, 4GB ló dára, kí àyè 20GB sì wà lórí disk ó kéré tán. Fáìlì rẹ̀ tó bíi 3GB, ẹ fi dátà òru gbà á. Ojúlé àwọn tó ṣe é gan-an, linuxmint.com, ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbà á, ó tó fún kọ̀ǹpútà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ìkẹta, ẹ wá flash 8GB tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, torí inú rẹ̀ máa nù. Ẹ má kàn copy fáìlì yẹn sórí rẹ̀ o, kò ní jí. Ẹ lo Rufus tàbí balenaEtcher, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ìkẹrin, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki flash bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń pe àkójọ ibi tó ti lè jí. Lára Dell àti Lenovo, F12 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lára HP, Esc, lẹ́yìn náà F9. Ẹ mú orúkọ flash yín níbẹ̀.

Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn jù. Linux á ṣí láti orí flash, kò sì ní tíì fọwọ́ kan disk yín. Bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde. Tí Wi-Fi ò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ ọn kó fi dátà fóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ṣí Driver Manager. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa á, ẹ yọ flash, Windows yín ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹfà, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ Install Linux Mint. Ẹ so chájà mọ́ ọn, kí bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní sẹpẹ́, torí ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ óò dé ibi tó ti máa béèrè: "Install alongside" ni pé kí òun àti Windows jọ máa gbé, "Erase disk" ni pé kó nu gbogbo ẹ̀. Ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá wọlé tán, ẹ lọ sí ètò keyboard, ẹ fi Yoruba kún un: ẹ óò lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ, pẹ̀lú àmì ohùn. Akọ̀wé wa, ẹ gbọ́ o!

Mi ò ní tàn yín. Microsoft Office àti CorelDRAW ò ní ẹ̀yà ti Linux. LibreOffice tó wà níbẹ̀ ń ṣí ìwé Word, àmọ́ ìlà rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń fi CorelDRAW jẹun, kó fi Windows rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Linux kì í sì í jí bátìrì tó ti kú.

Ta ni a ń ṣe é fún? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò JAMB. Nínú àwọn ọmọ wa níbí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n máa kọ́kọ́ di mouse mú. Ọmọ mọ ìdáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣí dáadáa, tí wọ́n lè máa fi kọ́ títẹ̀, ti tó láti mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí mi. Tẹ́ ẹ bá tún ń fi laptop ránṣẹ́, ẹ fi chájà rẹ̀ sí i. Méjì nínú mẹ́sàn-án ni kò ní. Ẹ̀yin tó wà nílé, a nílò hard disk kan tí a máa kó ẹ̀dà sí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn lọ́jọ́ Sátidé mẹ́rin.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn laptop yẹn ni àkọsílẹ̀ owó ìdá ìlú wà. Mi ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí akápò bá jókòó tì mí, tí àwa méjèèjì sì ti jọ ṣí ẹ̀dà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ó yẹ kó máa wo ilẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ bá wa mú kọ́kọ́rọ́ wá, àwa á mú flash wá. Ìlú wa á tòrò, á dùn o.