Aṣọ Ìyàwó Olórí: Kí Ló Ń Sọ Fún Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

 

Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí ojú oníròyìn ń rí. Aṣọ tí ìyàwó olórí ń wọ̀ lọ sóde ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn náà ló tún ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìyàwó olórí máa ń dúró sí nígbàkigbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. A ò dìbò fún un, òfin ilẹ̀ wa ò sì dárúkọ ipò rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó lanu, àwọn ayàwòrán ti yà á tán. Tí fọ́tò òde bá dé ọ́fíìsì wa, ohun àkọ́kọ́ tá a máa ń bèèrè ni pé, "Kí ló wọ̀?" Obìnrin lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ nípa ìlera aboyún, kó jẹ́ gèlè rẹ̀ ni ìwé ìròyìn máa gbé jáde. Ìyẹn ò dára. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé aṣọ ni aráyé kọ́kọ́ ń kà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi í: ta ni aṣọ yìí sún mọ́? Ta ló sì jẹun lórí rẹ̀?

Ẹ wo Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Aṣáájú ni ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti kàwé ní ìlú òyìnbó láti 1919 sí 1922. Kò sóhun tó ní kó má wọ gáùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kó àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí, ìró àti bùbá ló mú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lòun. Yorùbá ló sì ń sọ nípàdé. Ọdún 1946 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Nígbà tó di 1949, Aláké Adémọ́lá ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Aṣọ nìkan kọ́ ló ṣe é o, àmọ́ aṣọ ò jẹ́ kí ọlọ́jà kankan rò pé àjèjì ló ń darí òun.

Ẹ tún wo Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní 1915, tó sì kú ní 2015. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, láti 1954 sí 1959, oníṣòwò ni Màmá, aṣọ sì wà nínú ọjà tó ń tà. Ó mọ iye tí ọ̀pá kan ń jẹ́ kó tó ró o. Nígbà tí wọ́n ju ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n ní 1963, tó wá ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú kiri láti dúró fún un, ìró, bùbá àti gèlè tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ náà ló ń wọ̀. Wàhálà ò yí ìmúra rẹ̀ padà, bí ọlá náà ò ṣe yí i padà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa á rántí Maryam Babangida, tí ọkọ rẹ̀ ṣèjọba láti 1985 sí 1993. Ní 1987 ló dá ètò Better Life sílẹ̀ fún àwọn obìnrin oko. Iṣẹ́ wà nínú ètò yẹn, a ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gèlè àti léèsì tí àwọn ìyàwó ọ̀gá ológun ń wọ̀ lọ sípàdé pọ̀ débi tí àwọn èèyàn fi sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, pé ayé àwọn olówó gan-an ló ń dára sí i. Fáàrí bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Ọkọ Aisha Buhari ń búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ràn afẹ́, ni gbogbo ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iye tí wọ́n ra ago ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Yálà ó wọ́n o, yálà kò wọ́n o, ago ti gba ẹnu ìlú.

Ìbéèrè kejì ńkọ́, ta ló jẹun? Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú léèsì tí à ń fi yan fanda láti Vorarlberg, ní ilẹ̀ Austria. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ti ilẹ̀kùn ní 2002, àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ sílé. Àmọ́ bí ìyàwó olórí bá wọ sányán tàbí ẹtù, òwú tí ẹnì kan ran, òfì tí ẹnì kan hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ n'Ísẹ̀yìn, àti abẹ́rẹ́ télọ̀ tó so ó pọ̀, gbogbo wọn ló rí nǹkan mú lọ sílé. Ẹni tó bá sì rí i lára rẹ̀ á fẹ́ irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yìn ín nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinúbú, ìyàwó Ààrẹ, gbé ìdíje kalẹ̀ ní 2024 pé kí ọmọ Nàìjíríà ya aṣọ tí yóò dúró fún ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n hun ún nílé, kí mẹ̀kúnnù sì lè rà á.

Ó wá kù sọ́dọ̀ wa. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Orólù. Ọ̀nà tó wà láàárín wa ò tó nǹkan. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà ilẹ̀ le débi tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé. Àwa tá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tá a wọ yúnífọ́ọ̀mù kan náà, ń tẹlifóònù ara wa láti bèèrè ẹni tó sùn sílé. Nígbà tá a wọ yúnífọ́ọ̀mù yẹn, ta ló mọ ọmọ Ìlobùú yàtọ̀ sí ọmọ Ìfọ́n?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ gbọ́ o. Léèsì olówó ńlá tẹ́ ẹ ń gbèrò fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká kò ní sọ fún yín. Yóò kàn ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kóun wá, a ò sì ní rí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká ra àdìrẹ n'Ósogbo nítòsí. Ẹ pín rírán rẹ̀ sọ́dọ̀ télọ̀ Ìlobùú àti télọ̀ Ìfọ́n, kí ẹgbẹ́ má jèrè lórí rẹ̀. Kí ìyàwó alága wa wọ èyí tí gbogbo wa wọ̀, kó má fi ohunkóhun lé e. Ẹni tí kò bá sì rí i rà, kó wọ ohun tó ní wá, kó jókòó láàárín wa, kó jẹ nínú abọ́ kan náà.

Ní Ìfọ́n, aṣọ funfun ni ti Òrìṣà Olúfọ́n, funfun kì í sì í bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ olórí àti aṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣe rí: ohun tó wà lọ́kàn wọn sí àwọn ará ìlú á hàn níbẹ̀. Àwọn baba wa ní èèyàn laṣọ. Ẹ má jẹ́ ká tìtorí aṣọ pàdánù èèyàn.